Àwọn Tí Àyè Kò Gbà

Orúkọ tèmi ni mo kọ ṣáájú orúkọ Ìyá Ẹ̀bùn. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí inú ń bí mi, n ó sì bínú sí àwọn ẹlòmíràn kí ọ̀rọ̀ yìí tó tán. Kò dáa kí ẹ rò pé èmi dúró létí odò tí mò ń bú àwọn tó rì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo lọ ra ìṣó ní Onípánù. Ọmọkùnrin kan tó ń ta bátìrì gbé rédíò kékeré kan, tí kò ju ọṣẹ ìfọṣọ lọ, sórí àpótí ọjà rẹ̀. Ètò ìkíni ni wọ́n ń ṣe nínú rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀ ka orúkọ títí, ó wá fi ohùn dídùn pa á dé pé, "Àti gbogbo àwọn tí àyè kò gbà wá láti dárúkọ wọn." Àfi bí ìgbà tí wọ́n da omi gbígbóná sí mi lẹ́yìn. Mo pariwo pé, "Pa nǹkan yẹn!" Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Bùrọ̀dá, kí ni rédíò gbà lọ́wọ́ yín?" Obìnrin kan tó dúró níbẹ̀ ní kí wọ́n fi mí sílẹ̀, oòrùn ló pa mí. N kò ra ìṣó mọ́. Mo fẹsẹ̀ rin dé ilé, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èyí fún ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ̀yin tí ẹ bá rédíò láyé tí ẹ sì rò pé ọjọ́ tí Ọlọ́run dá adìẹ ló dá a.

Ṣómólú tí mo dàgbà sí, iyanrìn ni gbogbo ojú ọ̀nà rẹ̀. Bí òjò bá rọ̀, ẹsẹ̀ á rì wọlẹ̀ dé kókósẹ̀. Bí ọyẹ́ bá dé, eruku á kun àgbàdo tí ìyá mi sá sílẹ̀ láti fi ṣe ògì, á sì kun irun wa bákan náà, tí gbogbo ọmọ ilé á fi dà bí arúgbó. Ilé tí a ń gbé gùn bí ọkọ̀ ojú irin: yàrá kọjú sí yàrá, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan là á já láàrin, kànga wà lẹ́yìn. Ẹni tó ni ín jẹ́ ará Ìjẹ̀bú. Mọ́ṣáláṣí àdúgbò fi í joyè Bàbá Àdínì, láti ọjọ́ náà kò sì sí ẹni tó gbọ́dọ̀ pe orúkọ àbísọ rẹ̀ mọ́. Ó láya méjì. Àgbà nínú wọn, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń yọ ẹ̀gún lẹ́sẹ̀ ọmọ, jẹ́jẹ́.

Ẹ rántí pé lójú òfin, Ṣómólú kì í ṣe Èkó nígbà náà. Ẹni tó ń gbé Yábàá, ìjọba kan ló ni ín. Àwa tí a lè ju òkúta kan Yábàá, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ló ni wá. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn yìí ló fún wa ní ìwé ọ̀fẹ́ tí mo fi mọ̀ ọ́n kọ, tí mo fi mọ̀ ọ́n kà. Nígbà tó tún dá rédíò tirẹ̀ sílẹ̀ ní Ìbàdàn, àwọn àgbà ilé wa ń wú bí ẹni tí wọ́n bí ọmọ fún. "Rédíò wa," ni wọ́n ń pè é. Bàbá Àdínì ni ó kọ́kọ́ ní ọ̀kan ní òpópónà wa. Àpótí pákó ni, ó ní aṣọ lójú bí ìyàwó ẹlẹ́hàá, waya rẹ̀ sì gba orí òpó wọlé. Bàbá Àdínì kàn án mọ́ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ọwọ́ ọmọdé kò tó. Asọ̀rọ̀mágbèsì là ń pè é. Ìyá Àgbà nìkan ni kò gbà pé kì í gbèsì. Bí ọ̀gbẹ́ni inú rẹ̀ bá ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," Ìyá Àgbà á ní, "O ò, ọmọ mi. Ṣé o ti rí nǹkan jẹ?"

Mo fẹ́ràn àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn, n kò lè purọ́. Òórùn epo àkàrà, ẹ̀fọn, ìtùfù tí wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn, gbogbo ilé nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bí a ó ṣe jókòó, ṣùgbọ́n àga mọ ipò rẹ̀. Bàbá Àdínì lórí àga onírọ̀gbọ̀kú rẹ̀ lábẹ́ àpótí gan-an, Ìyá Àgbà lápá ọ̀tún, ìyàwó kékeré lápá òsì, lẹ́yìn náà àwọn ayálégbé gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe pẹ́ sí nínú ilé, àwa ọmọ sì wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá dé kẹ́yìn á dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, níbi tí ohùn rédíò kì í ti í dé tán. Ibẹ̀ ni Ìyá Ẹ̀bùn ń dúró sí.

Ìlàjẹ ni wọ́n, láti etí òkun Oǹdó. Ìsàlẹ̀ Bàríga ni wọ́n ń gbé tẹ́lẹ̀, létí ọ̀sà, nínú àwọn ilé pákó tí ààrò ẹja wà lẹ́nu wọn. Nínú ọyẹ́ ọdún yẹn, ẹ̀ta iná kan fò láti inú ààrò, afẹ́fẹ́ gbé e, gbogbo ìlà ilé náà jó dé etí omi. Àwọn aládùúgbò wọn wọ ọkọ̀, wọ́n padà sílé. Ìyá Ẹ̀bùn kò lè lọ. Ọkọ rẹ̀ ti bá àwọn apẹja lọ sí etí òkun nísàlẹ̀ Wárì kí iná tó ṣẹ́, Bàríga ló sì fi wọ́n sí. Ó kó Ẹ̀bùn àti àwọn àbúrò rẹ̀ méjì, ó gba yàrá lọ́dọ̀ wa, èyí tó kẹ́yìn, lẹ́bàá kànga.

Ẹ̀bùn àti èmi dọ̀rẹ́ lọ́jọ́ kejì. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò lè sùn. Ó ní ilẹ̀ gbígbẹ dákẹ́ jù. Ó lè di ojú kí ó gbóòórùn ẹja, kí ó sì sọ irú èyí tó jẹ́. Bí a bá jáde ilé ìwé, a ó gba ọ̀nà Ladi-Lak sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, ó ń kọ́ mi bí a ṣe ń wa ọkọ̀, mò ń ṣubú, ó ń pe àwọn ọmọ mìíràn wá wòran mi. "Ẹ wá wo Akọ̀wé! Ó fẹ́ fi ìwé ọ̀fẹ́ rẹ̀ tukọ̀!" Nínú ilé, àwọn ọmọ ń pè é ní Ẹlẹ́ja. Bàbá Àdínì a máa fi etí agbádá bo imú bí ó bá kọjá lẹ́nu yàrá wọn, ṣùgbọ́n ẹja Ìyá Ẹ̀bùn ló ń wà nínú ọbẹ̀ rẹ̀, ó sì ń jẹ ẹ́ dé egungun.

Ìyá Ẹ̀bùn fúnra rẹ̀ ló ronú kan káàdì ìkíni, èyí tí à ń fi ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí wọ́n kà á lórí rédíò. Ó ti gbọ́ pé ní àgọ́ tí ọkọ rẹ̀ wà, bàbá ìjọ wọn ní rédíò oníbátìrì, tí wọ́n ń ṣọ́ lò bí oògùn, tí wọn kì í ṣí bí kò ṣe ìrọ̀lẹ́ Sátidé nígbà ètò ìkíni, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó wà lókèèrè ti ń gbúròó ilé. Ó ra káàdì ní póòsì ọ́fíìsì, ó mú un wá bá mi. Èmi ni mo mọ̀wé jù nínú àwọn ọmọ ilé.

Ó ní, "Má fi ìkíni dà á rú. Kọ ọ́ pé iná jó ilé, ṣùgbọ́n a wà láàyè. A wà ní Ṣómólú, ilé Bàbá Àdínì, lẹ́bàá kànga. Kọ ọ́ sókè o, ọmọ mi."

Ọkọ̀ àwọn ará ilé wọn kan fẹ́ ṣí láti Bàríga lọ́sẹ̀ náà gan-an. Ó ń rò ó bóyá kí òun bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yà ní àgọ́ ọkọ òun. Ó bi mí léèrè èwo ló yá jù. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́, ọmọ tí kò tíì lè fọ àwo mọ́, mo rẹ́rìn-ín! Mo ní, "Ìyá Ẹ̀bùn, ọkọ̀ kẹ̀? Rédíò á ti débẹ̀ kí wọ́n tó rí àjẹ̀ wọn." Ó gbà mí gbọ́. Ó lọ sí Bàríga, ó ní kí wọ́n máa lọ, kí wọ́n má wulẹ̀ yà.

Báyìí ni mo gbé káàdì kalẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti kọ ọ́, nítorí ibẹ̀ ni tábìlì wà. Bàbá Àdínì jáde.

"Kí lò ń kọ nínú ilé mi?"

Mo sọ fún un.

Ó wo káàdì náà. "Sí Ìbàdàn? Kí wọ́n dárúkọ ilé mi lórí afẹ́fẹ́, kí gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn gbọ́ ọ, kí ó wá jẹ́ pé ayálégbé ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ? Ta ló kọ́lé? Ṣé iná ló kọ́ ọ ni?" Ó fa àga. "Kọ orúkọ mi. Fi oyè sí i. Àgbà là á fi ṣáájú, tàbí wọn kò kọ́ yín níléèwé?"

Wọ́n kọ́ wa níléèwé, wọ́n kọ́ wa nílé pẹ̀lú. Mo kọ Bàbá Àdínì. Mo kọ Ìyá Àgbà, mo kọ ìyàwó kékeré. Ó ní kí n kọ Lèmọ́ọ̀mù, nítorí kò dáa kí òun wà níbẹ̀ kí Lèmọ́ọ̀mù má sí. Ó ní kí n kọ ẹ̀gbọ́n òun ní Ṣágámù, kọ àna òun ní Ọbáníkòró. Ìròyìn ti dé ẹ̀yìnkùlé, àwọn ará ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wá. Télọ̀ tó ń gbé yàrá iwájú fún mi ní ẹ̀pà. "Akọ̀wé, má gbàgbé ọ̀gá rẹ o." Ìyá mi náà dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí kò bèèrè nǹkan kan, mo kọ bàbá mi, mo kọ òun náà. Lẹ́tà mi ń kéré sí i, ó ń há bí èèrà tó tò lórí okùn aṣọ. Ẹnikẹ́ni kò ṣe ibi. Èyí ló ń bí mi nínú jù. Ọ̀wọ̀ ni gbogbo wa ń bù fún ara wa, ẹnìkan tẹ̀ lé ẹnìkan, létòlétò, títí ọ̀wọ̀ fi jẹ káàdì obìnrin náà tán.

Ìlà méjì ló kù. Ìlà tó ṣáájú tó fún ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀bùn dáadáa. Bàbá Àdínì ti wọlé lọ kírun, kò sẹ́ni tó dúró tì mí. Mo kọ orúkọ tèmi síbẹ̀, tòun ti orúkọ bàbá mi. Kì í ṣe pé ẹnìkan pa á láṣẹ. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni. Mo wá há ọ̀rọ̀ Ìyá Ẹ̀bùn mọ́ etí káàdì nísàlẹ̀. Ó ti ra káàdì, ó ti ra sítáǹpù, kò mọ̀wé. Nígbà tó bèèrè pé, "Ṣé o ti kọ ọ́?" mo ní, "Mo ti kọ ọ́, mà." Òótọ́ ni.

Kò pẹ́ púpọ̀ tí wọ́n fi kà á. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé ni, ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún dé ìta. Ọ̀gbẹ́ni náà ní, "Láti Ṣómólú," ariwo sọ. Ó ka Bàbá Àdínì tòun toyè, Bàbá Àdínì gbé ọwọ́ sókè bí ẹni pé wọ́n ń rí i láti Ìbàdàn. Ó ka Ìyá Àgbà, Ìyá Àgbà ní, "Èmi rèé, ọmọ mi!" Ó ń kà á lọ, ẹni tó bá gbọ́ tirẹ̀ á fò sókè. Ó ka bàbá mi, ó ka ìyá mi. Ó ka èmi. Ẹ̀yin àbúrò mi, orúkọ mi nínú àpótí yẹn! Wọ́n gbé mi sókè, télọ̀ gbé mi kọ́ èjìká, orí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan rédíò. Láti òkè níbẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ:

"Àti gbogbo àwọn tí àyè kò gbà wá láti dárúkọ wọn."

Orin bẹ̀rẹ̀. Bàbá Àdínì ránṣẹ́ ra lẹmọ́néèdì. Mo wo ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lórí èjìká télọ̀. Ìyá Ẹ̀bùn ti wé gèlè, ó ti fọ ojú àwọn ọmọ rẹ̀ bí ẹni ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ó sún díẹ̀díẹ̀ láàrin èrò títí ó fi dé abẹ́ àpótí, ó na etí. Wọ́n ka káàdì ará Iléṣà, wọ́n ka ti ará Ṣakí. Ètò tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kòkó àti oògùn tí wọ́n fi ń fín in. Ó ṣì dúró.

Ó bi mí pé, "Ṣé wọ́n á tún padà sí i?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Wọ́n á parí rẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ẹ wò ó, ọmọdé ni mí, ẹ̀rù bà mí, lẹmọ́néèdì wà lọ́wọ́ mi. N kò ní àwáwí mìíràn. Obìnrin náà dúró ní Sátidé kejì. Ó dúró ní ìkẹta. Bàbá Àdínì a máa sọ ọ́ ní àpárá pé, "Ìyá Ẹ̀bùn, ṣé o fẹ́ rà á ni?" ọ̀dẹ̀dẹ̀ á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùn kò rẹ́rìn-ín. Ọmọ ìwé ni òun náà, ó lọ́jọ́ tó bi mí lójú ọ̀nà Ladi-Lak pé, "Akọ̀wé, níbo gan-an lo kọ wá sí?" Mo ní, "Nísàlẹ̀." Ó ní, "Lẹ́yìn ta ni?" Ó wo ojú mi, ó sì rí i. Láti ọjọ́ náà, òun nìkan ló ń lọ sí etí omi.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń kó ẹja wá sí Bàríga wá Ìyá Ẹ̀bùn wá sílé wa. Ẹnu yà á pé ó bá wọn láàyè. Ó sọ fún un lójú gbogbo ilé, lẹ́bàá kànga, pé bàbá Ẹ̀bùn ti wá. Ó ti wá! Ó tukọ̀ wọ ìsàlẹ̀ Bàríga, ó bá eérú àti òpó dúdú nínú omi. Ó dúró nínú ọkọ̀, ó ń pe orúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn àlejò tó ń tún àwọ̀n ṣe níbẹ̀ kò mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé iná jó àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nínú ọkọ̀, ó gbàdúrà tí wọ́n ń gbà fún òkú ní ìjọ wọn, ó sì yí orí ọkọ̀ padà. Obìnrin náà ní kò padà sí àgọ́ rẹ̀ àtijọ́, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó forí lé.

Láti Bàríga sí Ṣómólú! Ìrìn wo ló wà níbẹ̀? Ẹni tó bá gbé omi gbígbóná sórí, omi náà kò ní í tutù kí ó tó dé. Ohùn tó ń ti Ìbàdàn wá, tó ń dé Wárì, ló kọjá lórí wa láì gbé ọ̀rọ̀ obìnrin kan dání.

Bàbá Àdínì ń fa tẹ̀sùbáà rẹ̀, ó ní, "Kádàrá ni." Mo ti ń bínú sí ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà náà di òní. Kádàrá kọ́ ló ní kí n kọ oyè rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ ni. Bí ènìyàn bá gba gbogbo àyè tán, á wá ti ẹ̀bi mọ́ Ọlọ́run lọ́rùn. Ìyá mi fi gbogbo agbára gbá mi létí, lẹ́yìn náà ó bú sẹ́kún, nítorí orúkọ tirẹ̀ náà wà lókè.

Ìyá Ẹ̀bùn kò pariwo. Ó ń di ẹrù. Mo lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀. Ó so ìdì kan, ó tún un so, kò gbójú sókè.

"Orúkọ rẹ dùn ún gbọ́ nínú rédíò," ló wí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n wọ ọkọ̀ ní Bàríga láti wá bàbá Ẹ̀bùn lọ. Mo sá tẹ̀ lé wọn títí dé etí omi. Ẹ̀bùn jókòó sí ìdí ọkọ̀, ó di àjẹ̀ mú, kò wẹ̀yìn.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà. Wọ́n ti tú àpótí kúrò lára ògiri, ojú ihò ìṣó rẹ̀ ló kù. Ẹnikẹ́ni tó bá lówó bátìrì ti ní tirẹ̀, kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ń kún mọ́, kò sí Ìyá Àgbà tí ń dá a lóhùn. Bàbá Àdínì ti kú. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, oyè rẹ̀ ló ṣáájú, àyè gbà á dáadáa. Èéfín ẹja ṣì ń rú ní ìsàlẹ̀ Bàríga. Bí mo bá rí ọkọ̀ tó ti ọ̀nà etí òkun wá, mo máa ń bèèrè. Wọ́n á ní, "Ìyá Ẹ̀bùn wo nínú wọn?" N kò mọ orúkọ rẹ̀ mìíràn. Èmi tí mo kọ orúkọ gbogbo ayé, n kò bi í léèrè orúkọ rẹ̀.

Nǹkan kan wà tí kì í jẹ́ kí n sinmi. Bóyá bàbá Ẹ̀bùn wà nídìí rédíò bàbá ìjọ wọn ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé yẹn. Bóyá ó na etí, ó gbọ́ Ṣómólú, ó gbọ́ Lèmọ́ọ̀mù àti àna Ọbáníkòró, ó sì gbọ́ orúkọ ọmọdékùnrin kan tí kò mọ̀ rí, kí wọ́n tó pa rédíò láti ṣọ́ bátìrì.

Ìlà kan ni mo gbà lọ́wọ́ Ìyá Ẹ̀bùn. Mo ti ra káàdì láti dá a padà, ó wà lórí tábìlì mi báyìí. Òkè rẹ̀ gan-an ni mo kọ ọ́ sí: *Iná jó ilé, ṣùgbọ́n a wà láàyè.* N kò mọ ibi tí wọ́n wà tí n ó fi parí rẹ̀. N kò sì mọ̀ mọ́ bóyá òótọ́ ni.